Sọkawéè Alàgbà Ọlábánjí Tí Kì í Kún

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Olódì-Àpápá lánàá, imú wa ló sì kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Ìyá ọlọ́mọ kan tó ń jẹ́ Sìkírátù ló gbé e dé. Ó gbé garawa omi lọ́wọ́, ó fi ọmọrí dé e, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú àwọn ìjòyè. Bó ti ṣí i báyìí, Ọ̀tún Baálẹ̀ fi agbádá bo imú. Ó ní kó jọ̀ọ́ dé e padà, ẹ̀rí yẹn ti wọlé.

Baálẹ̀ Àbúdù Ọbalọlá bi í pé omi kí nìyẹn.

“Omi kànga mi ni, Baálẹ̀. Òun ni Mujeedat ọmọ mi mu tí ìgbẹ́ gbuuru fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní kòkòrò inú ìgbẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Alàgbà Ọlábánjí tí a jọ pín fẹ́ǹsì ni mo pè lẹ́jọ́. Sọkawéè wọn, kòtò tí ìgbẹ́ ilé wọn ń dà sí, ń jò sínú kànga mi. Tí wọ́n bá ti flọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, kànga tèmi á dáhùn.”

“Báwo ló ṣe ń dáhùn?”

“Á ṣe gbulu-gbulu.”

Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, omi tí ọmọ òun máa mu tí kò ní pa á lòun ń wá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbé ẹ̀rín tèmi mì.

Wọ́n pe Alàgbà Ọlábánjí. Ajẹ́ńtì tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n ọn lẹ́nu rí. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí sọkawéè òun kò kún rí láti ọjọ́ tí òun ti kọ́lé.

“Kò kún rí?”

“Rárá, Baálẹ̀. Iṣẹ́ ìyanu ni. Mo ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ hó yèè. Òróró àwọn kan kì í tán, sọkawéè tèmi kì í kún. Ohun tí kò kún, báwo ló ṣe fẹ́ jò?”

“Ayálégbé ń bẹ nílé yín?”

“Wọ́n kúnlé, Baálẹ̀.”

“Wọ́n ń jẹun?”

Alàgbà tún fọwọ́ kan táì rẹ̀. “Ilé àdúrà ni ilé wa. Ààwẹ̀ la sábà máa ń gbà.”

Ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Morádéún, tó bá a wá láti gbè é lẹ́yìn, ló fò dìde. “Ta ló ń gbààwẹ̀? Dádì, ẹ̀wà tí mo sè lánàá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bù ú.”

“Mi ò sọ pé lánàá.”

“Ọjọ́ wo wá ni? Láràárọ̀ làwọn ayálégbé ń tò sẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ dìbò. Mi ò lè jókòó síbí kí gbogbo Olódì máa rò pé mi ò gbọ́ oúnjẹ.”

Baálẹ̀ ní kó jókòó. Ó kọjú sí Alàgbà. “Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yàgbẹ́, kò sì kún. Ibo ló ń gbà?”

“Ó ń gòkè ni, Baálẹ̀.”

Ọ̀tún gbójú wo àjà, ó sì rọra fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Alàgbà ò tíì ṣe tán. Ó ní òun gan-an ló yẹ kó pe Sìkírátù lẹ́jọ́. Kí wọ́n lọ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá kànga rẹ̀ bó ṣe ń so, kò sì gbé odidi kan wá dúpẹ́ rí.

“Èyí tó gòkè náà ló tún ń bọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀?” Baálẹ̀ béèrè.

“Ó máa ń rọ̀ padà, bí ìbùkún.”

Ni wọ́n bá pe Lucky, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ tí ń fa sọkawéè. Lucky bẹ Alàgbà kó tó sọ̀rọ̀. “Baba, no vex. I don open that place before. Ògiri ẹ̀ lápá kánáàlì tó wà lẹ́yìn ilé, e don fall since.” Ó ṣàlàyé pé bí òkun bá ti kún, omi kánáàlì á wọ inú kòtò náà. Bí òkun bá fà padà, á kó gbogbo ohun tó bá níbẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá bá kánáàlì lọ á gba abẹ́ ilẹ̀ lọ kí kànga Sìkírátù.

“Alàgbà,” Baálẹ̀ wí, “ajẹ́ńtì ni yín lóòótọ́. Ẹ ń kó ẹrù jáde lójoojúmọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù ò rí yín.”

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Inú Baálẹ̀ náà dùn sí ẹnu ara rẹ̀, ló bá ní kí Lucky dárúkọ àwọn tó máa ń pè é wá fa tiwọn ládùúgbò, kí Alàgbà lè fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Lucky họrí. Ó ní kò sẹ́ni tó pe òun rí.

“Ọ̀tún ńkọ́?”

“Never, sa.”

Ẹ̀rín Ọ̀tún gbẹ. Ó ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí Alàgbà jẹ́rìí lọ́jọ́sí, òun náà ní kó wá gbàdúrà sí tòun ni.

Baálẹ̀ húkọ́. “Ti ààfin yìí ńkọ́?”

“Baba, that one sef, I never see am o.”

Sìkírátù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ dá ẹjọ́ mi?”

Baálẹ̀ dìde dúró. “Ìdájọ́ nìyí,” ó wí. “Ẹnikẹ́ni tí sọkawéè rẹ̀ ò kún rí, òun ni yóò máa pọnmi kún ìkòkò Sìkírátù, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti ibi ẹ̀rọ omi ní Malu Road. Orí ni yóò fi rù ú. Kò gbọdọ̀ fi mọ́tò gbé e, kò gbọdọ̀ rán ọmọọ̀dọ̀. Kò ní ṣíwọ́ títí yóò fi mọ sọkawéè tuntun tí kò jò, tí èyí náà yóò fi kún, tí Lucky yóò wá fà á. Alàgbà, ọjọ́ tí tiyín bá kún, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́.”

Ọ̀tún gbóhùn sílẹ̀. “Baálẹ̀, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.”

“Tiwa yóò gbẹ́ ẹ.”

Alàgbà bi Lucky bóyá ó máa ń pẹ́ kí sọkawéè gidi tó kún. Lucky ní ó máa ń tó ọdún. Morádéún fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká. “Ẹ má mikàn, Dádì. Màá máa se ẹ̀wà.”

Láàárọ̀ yìí, mo rí wọn lójú títì. Alàgbà de táì, ó ru kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó ń ṣépè fún òkun. Baálẹ̀ Àbúdù Ọbalọlá ló ṣíwájú wọn, ọrùn rẹ̀ ti wọ inú èjìká. Sìkírátù gba omi náà lórí wọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò kó tó bu ife kan fún Mujeedat. Ọmọ náà mu ún tán, ó sì ní kí ìyá òun tún bù sí i. Ìgbà yẹn ni Sìkírátù tó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀ dáadáa.

“Ẹ ṣé, bàbá mi,” ó wí. “Ìkòkò ńlá ló kù lẹ́yìnkùlé.”