Fèrèsé Táyé Lára Ilé Kẹ́hìndé

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa ní Igbó-Ọrà ní Mọ́ńdè tó kọjá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ìyàwó. Ẹjọ́ fèrèsé ni. Hàlímọ̀ Kẹ́hìndé ló gbé e wá, ó sì gbé e wá lóòótọ́: orí ló fi ru fèrèsé náà tòun ti gíláàsì, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gbì níwájú àwọn ìjòyè.

"Kí lo gbé síwájú mi yìí?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Wíńdò mi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o kò fi í sílẹ̀ lára ilé?"

"Ara ilé kò gbà á, Bàbá. Ọwọ́ òsì ni mo fi fà á yọ. Ife tíì mi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò dà nù."

Ó tú láílọ́ọ̀nù kan dà sílẹ̀. Fóòmù tútù jáde, ìwé ìròyìn jáde, sòkòtò àlòkù kan sì jáde.

"Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀ nìyí. Wọ́n fi símẹ́ńtì fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, wọ́n kùn ún lọ́dà. Òjò àkọ́kọ́ ló tú àṣírí."

"Ta ló ṣe é?"

Malachi tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì dìde. Ìjókòó mí kanlẹ̀, nítorí Malachi tóbi bí aká.

"Èmi ni, Bàbá. Iṣẹ́ náà kò ní àléébù."

"Ṣé o wọn ojú fèrèsé kí o tó ṣe é?"

"Mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Ti Ìyá Táyé ni mo wọ̀n."

"Ti Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Bàbá, ìbejì ni òun àti Ìyá Táyé. Ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀dà kan náà ló wà lára méjèèjì. Ní Igbó-Ọrà yìí, ta ló ń wọn ìbejì lẹ́ẹ̀mejì?"

Ọ̀tún Baálẹ̀ mi orí. "Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ jọ òótọ́ o."

Inú bí Kẹ́hìndé. "Èmi àti Táyé ni wọ́n bí ní ìbejì, wọn ò bí ilé mi ní ìbejì! Ojú fèrèsé tèmi fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àlàfo tó kù, ọwọ́ mi wọ ibẹ̀ dé ìgúnpá."

"Atẹ́gùn ni mo fi sílẹ̀ fún yín, Màmá."

"Ibi tí wọ́n ti ń tì í, ìta ló kọjú sí!"

"Kí aládùúgbò lè bá yín tì í bí òjò bá ká yín mọ́ oko."

"Adìẹ gba àlàfo náà wọlé, ó yé sórí bẹ́ẹ̀dì mi!"

"Ẹyin mélòó?"

"Mẹ́ta."

Malachi yíjú sí Baálẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, Bàbá. Wíńdò tí mo ṣe, èrè ló ń mú wá."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni òun àti Táyé fi jọ pín nǹkan, láti inú ikùn ìyá wọn dé orí ẹní, dé orí àwo ọbẹ̀. Ọdún tó kọjá ló tó kó sínú ilé tirẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án péré ló fi sùn ní òun nìkan kí ó tó ní kí Malachi wá yọ fèrèsé pákó, kí ó fi onígíláàsì sí i. Òjò sì ti lé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì Táyé.

"Bàbá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀ sílẹ̀, "ilé mi ni mo fẹ́ sùn. Mi ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Baálẹ̀ ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí àwọn ẹlẹ́rìí wá. Táyé ló kọ́kọ́ dìde.

"Wíńdò náà dára púpọ̀, Bàbá."

"Èwo?"

"Tèmi."

"Ti Kẹ́hìndé là ń bi ọ́."

"Kí ló fẹ́ fi wíńdò ṣe? Bẹ́ẹ̀dì mi gba àwa méjèèjì."

"O ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́!" Kẹ́hìndé pariwo.

"Èmi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò hanrun rí."

Ọ̀tún wúkọ́. "Ìyá Táyé, òdìkejì títì ni ilé mi wà. Mò ń gbọ́ o."

Malachi wá pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀, Ọlálékan ọlọ́kadà, tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ náà. Ọlálékan tín-ín-rín bí igi ẹ̀gẹ́.

"Ojú mi ló ṣe, Bàbá. Téèpù ni Malachi fi wọ̀n ọ́n, ilé méjèèjì."

"Malachi ti ní ọ̀kan ṣoṣo lòun wọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀kan ṣoṣo ló wọ̀n."

"Téèpù náà ńkọ́?"

"Okùn ni."

"Okùn wo?"

"Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ Ìyá Táyé. Ewúrẹ́ náà ṣì wà—" Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ẹrù tí Kẹ́hìndé tú sílẹ̀. Ó fò sókè. "Sòkòtò mi! Malachi, sòkòtò tí mo ti ń wá láti oṣù mẹ́ta lo kì bọ inú ògiri!"

"Ohun tó jẹ́ tìẹ, ṣebí tèmi ni," Malachi dáhùn.

Baálẹ̀ gbójú sókè. "Kí ló pa ẹ̀yin méjèèjì pọ̀?"

"Ìbejì ni wá, Bàbá," Ọlálékan wí.

Gbogbo ààfin wo Malachi, wọ́n wo Ọlálékan, wọ́n tún wo Malachi. Baálẹ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí.

"Malachi, o ní a kì í wọn ìbejì lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo gbà pẹ̀lú rẹ. Láti ìsinsìnyí lọ, títí fèrèsé yóò fi dé wẹ́kú lára ilé Kẹ́hìndé, sòkòtò Ọlálékan ni wàá máa wọ̀. Wàá wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, wàá wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí kò bá ti pàdé, fóòmù nìyí, ìwé ìròyìn nìyí, fi dí i."

"Bàbá!"

"Atẹ́gùn nìyẹn. Ẹ̀yìn sì ni kí o kọ bọ́tìnnì rẹ̀ sí, kí àwọn aládùúgbò lè máa bá ọ dè é."

Malachi kò tíì dé ẹnu géètì tí a fi gbọ́ fàààà, sòkòtò ti ya. Ní Túsìdeè, ó dé ilé Kẹ́hìndé pẹ̀lú téèpù tuntun, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ó wọn fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, fèrèsé ti dé wẹ́kú, ibi tí wọ́n ti ń tì í sì ti wà nínú ilé.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ tó gbẹ. Inú rẹ̀ dùn débi pé oorun kò kùn ún. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń kan gíláàsì.

"Kẹ́hìndé, ṣílẹ̀kùn, èmi ni. Mo gbé ẹní mi wá."

Kẹ́hìndé wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó rí i pé ó tì gbọn-in. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.