Òdòdó Mi Tó Ti Ṣálángá Pa

Ọjọ́ tí àgbàlagbà méjì lóṣòó ti òdòdó mi ní Iléṣà kò lè kúrò lọ́kàn mi láyé. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá bọ́ sínú rẹ̀, ǹ bá sì fọwọ́ ara mi pa á dé.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ní àwọn ọdún tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi, nítòsí ibùdó rélùwéè, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí Iléṣà ni. A wá ilé títí, ẹsẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kí a tó rí yàrá kan àti pálọ̀ kan gbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó ti ṣe òṣómàáló dé ilẹ̀ Haúsá. Ẹ mọ àwọn òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á sì wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí tí onítọ̀hún yóò fi jáde sí wọn. Lọ́jọ́ tí a kó dé, Bàbá Onílé wo èmi àti ọkọ mi láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ ìjà nínú ulé mi o. Ayálégbé tó bá dá ìjà sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni yóò kẹ́rù."

A ní kò ní í sí ìjà. Ìjà wo ni èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná fún ọkọ fẹ́ rí jà?

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé ìjà kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá Onílé àti àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, tí ilé tirẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tiwa, ti jìjà ẹ̀yìnkùlé bàbá wọn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àgbà ẹbí ló wá bá wọn parí rẹ̀. Wọ́n gbin pèrègún sáàárín ilẹ̀ náà, wọ́n ní ààlà nìyẹn, kí oníkálukú jókòó sí tirẹ̀. Ṣálángá kan ṣoṣo tó wà ní ìdí ààlà ọ̀hún, ilé méjèèjì ni yóò máa lò ó. Ìjà ilẹ̀ parí, ti ẹnu ò parí. Bàbá Kékeré kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ọkùnrin yẹn" ló ń pè é.

Bí ọ̀rọ̀ òdòdó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ọkọ mi mú mi lọ kí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Nínú pálọ̀ ìyá náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò-gíráàmù, ìkòkò ńlá kan wà tó ń dán, igi òdòdó kan sì dúró nínú rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń yọ yẹ̀rì-yẹ̀rì. Ọkàn mi fà sí i. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi gé díẹ̀ lára rẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìlú òyìnbó ni èyí ti wá. Kò lè hù ní irú ilé tí ẹ̀ ń gbé."

Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jáde, mo tún bojú wẹ̀yìn, mo wò ó dáadáa. Pèrègún ni! Pèrègún tó kọlà ni, nítorí ìlà òféfèé kan ló gba àárín ewé rẹ̀ kọjá. Mo sọ nínú ara mi pé pèrègún tiwa tí kò kọlà kò burú, ẹ̀yìnkùlé wa sì kún fún un.

Ẹ má rò pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní dòmẹ́sítíìkì nílé ẹ̀kọ́ ti kọ́ wa bí a ṣe ń gé ẹ̀ka òdòdó kó lè ta gbòǹgbò. Ọ̀bẹ mímú ni kí a fi gé e, lábẹ́ oríkèé rẹ̀. Kí a já àwọn ewé ìsàlẹ̀ dànù. Kí a fi èédú tí a lọ̀ kúnná pa ojú egbò rẹ̀, kó má bàa rà. Kí a ká ewé orí rẹ̀ jọ, kí a fi aṣọ so ó, kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ tán. Èyí tó bá kéré jù, kí a fi ìgò dé e lórí kó máa làágùn. Kí a sì gbé gbogbo rẹ̀ síbi tí oòrùn kò ti lè nà án. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ oríkì bàbá rẹ̀.

Ni mo bá mú ọ̀bẹ, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo yan mẹ́ta tó dúró ṣánṣán jù nínú àwọn pèrègún náà, mo bẹ́ wọn lórí. Mo kọ́kọ́ kì wọ́n sínú ìgò omi, mo tò wọ́n sójú fèrèsé pálọ̀. Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ṣé àgbo lò ń ṣe ni?"

"Fúláwà ni. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Kò pẹ́ tí nǹkan funfun kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ nídìí wọn. Inú mi dùn débi pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìgò náà. Èmi fúnra mi kò pa omi rẹ̀ dà, kí n má bàa da gbòǹgbò láàmú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ jìn sí kòtò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn Màmá Bùnmi, obìnrin ará Ìbòkun tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa: "Wolé-wolé ti dé o!"

Bí mo ti ní kí n wo ìgò mi, tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń jó lọ jó bọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìyàwó. Bí wolé-wolé bá rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, kóòtù yá. Mo gbá àwọn pèrègún mọ́yà, mo da omi nù, eré di eré. Ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí òjìji sì wà, kò ju iwájú ṣálángá lọ. Mo fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, mo ri wọ́n mọ́lẹ̀, mo sì padà sílé kí ọkùnrin náà tó wọlé. Ó yọjú sínú ìkòkò omi wa, ó ní ilé mi mọ́ tónítóní. Mo ní a dúpẹ́, sà, ẹ̀yìn ni mo fi ọwọ́ mi tó kún fún ẹrẹ̀ sí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo padà lọ tọ́jú wọn bó ṣe yẹ. Mo fi èédú lílọ̀ yí wọn nídìí ká. Mo rún èèpo ẹyin sí i, kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Mo fi ìgò jáàmù dé èyí tó kéré jù, tó wà láàárín. Aṣọ tí mo máa fi so ewé méjì yòókù ni n kò rí, ni mo bá fa yẹ̀rì kan tí mo ń wọ̀ sábẹ́ ìró, tó ti gbó, ya. Yẹ̀rì pupa ni. Wọ́n ní ọdọọdún ni pèrègún ń láṣọ tuntun. Èmi ni mo dáṣọ fún tèmi lọ́dún náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ti rí ohun tí ojú mi kò rí. Igi tí a so àkísà pupa mọ́, tí a da nǹkan dúdú àti èèpo ẹyin sí nídìí, tí ìgò dojú délẹ̀ láàárín rẹ̀, kí ni Yorùbá ń pe ìyẹn? Ààlè ni! Ààlè ni ẹni tó ni nǹkan ń fi sí i láti kìlọ̀ fún olè, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó rí i tí kì í yà fún un. Èmi náà mọ ààlè láti kékeré. Ṣùgbọ́n nítorí pé èmi ni mo fọwọ́ mi ṣe eléyìí, òdòdó ni mò ń rí, òdòdó náà sì ń wù mí.

Láti ọjọ́ kejì ni ìgbé ayé ti yí padà nínú ilé wa. Ṣálángá tí a máa ń tò sí láàárọ̀ dá páropáro. Póò tó jẹ́ ti ọmọdé di ohun tí àgbà ń yá lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ọkùnrin ń yára gbẹ́sẹ̀ lọ sínú igbó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa fi ìrọ̀rùn rọra bọ̀. Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan nítorí pé ibi iṣẹ́ ló ti ń ṣe tirẹ̀. Èmi ní tèmi ń wọlé, mò ń jáde, mo sì ń dúpẹ́ pé orí mi ló bá mi lé èrò.

Lọ́jọ́ kan tí mo jáde níbẹ̀, Màmá Bùnmi dúró lókèèrè, ó di ara rẹ̀ mú.

"Ìyàwó, ṣé o rí nǹkan tó wà níwájú ibẹ̀ yẹn?"

Mo fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Mo rí i, mà! Ẹ jẹ́ kó ta gbòǹgbò ná. Ẹnu á ya gbogbo yín."

Ẹnu tiẹ̀ ti ń yà á nígbà yẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kúnlẹ̀ kí mi, bẹ́ẹ̀ ó fi ọjọ́ orí jù mí lọ dáadáa. Kò sì jẹ́ sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ọ̀wọ̀ tí ará Ìbòkun ń fún ìyàwó akọ̀wé ni.

Ní àárọ̀ Sátidé kan ni ariwo ta. Bàbá Onílé ní àbúrò òun ló fi ààlè dí ṣálángá. Bàbá Kékeré ní ọkùnrin yẹn ló fi í síbẹ̀, kí òun má bàa lò ó mọ́. Bàbá Onílé ká agbádá rẹ̀ sókè, ó lóṣòó ti àwọn pèrègún mi.

Ó ní, "Òṣómàáló ni mí. Mo lóṣòó dé Kánò, mo lóṣòó dé Jọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tí mo lóṣòó tì tí kò jáde. Ẹni tó ni èyí, yóò jáde lónìí."

Àbúrò rẹ̀ náà lóṣòó sí òdìkejì. "Èmi náà ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà, ojú ń pọ́n wọn, gbogbo ilé méjèèjì yí wọn ká, tí èmi fi gbé agolo tí mo lu ihò sí nídìí jáde, tí mo ti pọn omi sí. Mo rí èrò, mo rò pé ejò ni wọ́n rí. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá méjèèjì, mo ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ ṣọ́ra kó má tẹ òdòdó mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí bomi rin ín.

Màmá Bùnmi káwọ́ lérí.

Bàbá Onílé ní, "Ùwọ ọmọ Òṣogbo. Ùwọ lo ni ín?"

"Èmi ni, bàbá. Fúláwà pálọ̀ ni. Ó ń ta gbòǹgbò ni."

"Àkísà pupa yìí ńkọ́?"

Mo wo ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀. Mo wo ilẹ̀. "Yẹ̀rì mi ni, sà."

Ọkọ mi fi ọwọ́ bojú. Ìgbà náà gan-an ni ojú mi là, tí mo rí ààlè tí gbogbo ènìyàn ń rí. Mo ń kólòlò, mo ń ṣàlàyé èédú, èèpo ẹyin, ìgò jáàmù, ohun tí olùkọ́ wa sọ. Àlàyé ti ń wọ̀ wọ́n létí díẹ̀díẹ̀ kí Bàbá Kékeré tó béèrè ibi tí mo ti rí pèrègún gé. Mo nàka síbẹ̀. Gbogbo wọn yíjú, wọ́n rí ààlà bàbá wọn tí mẹ́ta kò lórí mọ́ nínú rẹ̀.

Ọkọ mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bàbá Onílé na ìka sí wa. "Mo ti sọ fún yín. Ẹni tó bá dá ìjà sílẹ̀, kó kẹ́rù. Lónìí yìí, kí ẹ..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó dìde fùú bí ọmọ ogún ọdún. Ẹ rántí pé òun náà kò tíì dé ṣálángá láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lóṣòó láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Bó ti dìde ni Bàbá Kékeré náà dìde, òun náà di tirẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ máa wọlé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀," mo wí.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," Bàbá Onílé ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. "Ṣùgbọ́n ùwọ tú u! Tètè tú u!"

Mo já yẹ̀rì dànù, mo gbé ìgò kúrò. Àwọn méjèèjì dé ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká kọlu èjìká. Bàbá Kékeré wo ojú arákùnrin rẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì hàn án lọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàánú mi, ẹ má pẹ́."

Nínú ṣálángá náà la ti gbọ́ tí àgbà náà bú sẹ́rìn-ín. Ti òde náà bú sí i, ẹ̀rín ọ̀hún sì fẹ́ pa á lára nípò tó wà. Nígbà tí Bàbá Onílé máa jáde, ojú rẹ̀ ti rọ̀, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì bi ọkọ mi ohun tó ń ṣe nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹrù mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì jọ jẹun, nínú abọ́ kan náà.

Pálọ̀ mi kò rí òdòdó. Bàbá Onílé ní ibi tí pèrègún náà wà ni kó wà, àwọn tí mo bẹ́ lórí sì rú ọ̀mùnú méjì-méjì, wọ́n tún lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kó yá ojú aládùúgbò wò ó kó tó máa yangàn. Kó sì pa omi ìgò rẹ̀ dà.

Nígbà tó yá, ìyàwó ọ̀gá wá kí wa. Ó jókòó díẹ̀, ó béèrè ọ̀nà ṣálángá. Ó pẹ́ kó tó padà, ojú rẹ̀ sì ń dán nígbà tó dé.

"Ìyàwó, níbo lo ti rí òdòdó tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn? Jọ̀wọ́, bá mi gé díẹ̀."

Mo ní ìlú òyìnbó ló ti wá, ṣùgbọ́n n óò gbìyànjú. Mo gé e lábẹ́ oríkèé, mo fi èédú pa á, mo sì fi ìyókù yẹ̀rì pupa mi so ewé rẹ̀ dáadáa. Mo kìlọ̀ fún un pé ẹnu ọ̀nà ni kó gbìn ín sí, kó má sì tú aṣọ náà títí yóò fi mú. Mo gbọ́ pé ó mú. Mo sì gbọ́ pé fún odindi àsìkò òjò ọdún náà, àlejò kankan kò yà sílé wọn.