Ẹ̀kọ Tó Ní Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ọjọ́ tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀kọ ò lè kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó lọ.

Yunifásítì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe másítà nígbà náà. Ẹ̀rọ kan ni mo ń ṣe: ó ń tan iná pupa tín-ín-rín sí ara, kámẹ́rà á sì máa wò ó, ká lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ awọ. Ara kì í ṣe gíláàsì. Bí iná bá wọnú ẹran ara, kì í lọ tààrà. Á fọ́n ká bí iná mọ́tò nínú kùrukùru ọyẹ́. Àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó ń dán nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, àwọn àmì náà á máa gbọ̀n. Bí kò bá ṣàn, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́.

Màámi ló jẹ́ kí n yan iṣẹ́ náà. Ìrẹsà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì máa ń tutù, ṣùgbọ́n ìjókòó ọsibítù ti sú wọn. Ní Sátidé kan, mo gbé ẹ̀rọ mi lọ bá wọn, mo gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ àga tí wọ́n na ẹsẹ̀ lé, mo tan án, mo sì tan iná pupa náà sí ẹsẹ̀ wọn. Àwọn àmì náà gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Màámi, ẹ̀jẹ̀ yín ń ṣàn dáadáa!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, wọ́n sì pa díẹ̀ fún èmi náà. Ni màámi bá fi ọ̀rọ̀ ọsibítù sílẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́rú, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi ní kí n wá fi ẹ̀rọ náà han òun. Òyìnbó ní ohun tó jọ ẹran ara tí wọ́n fi ń ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Èmi ra ẹ̀kọ ní Ọjà Igbó. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín; ẹ̀kọ tútù ń fọ́n iná ká bíi ti ẹran ara, ó sì ṣeé jẹ bí ìdánwò bá dàrú. Ọ̀kadà tó gbé mi kó sí kòtò, ìdajì ẹ̀kọ náà fọ́ mọ́ mi láṣọ. Mo ti rọ́bà tín-ín-rín gba àárín ìdajì tó kù, mo sì ń fi mílíìkì tí mo bomi là ṣe ẹ̀jẹ̀.

Bí ọ̀gá ṣe wọlé báyìí, iná lọ. Mo sáré tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ògiri. Àwọn àmì gbọ̀n.

"Ó ń ṣàn, sà."

"Dí rọ́bà yẹn pa."

Mo dí i. Ó ṣì ń ṣàn.

"Bóyá èyí tó kù sínú rẹ̀ ni, sà."

"Fà á yọ."

Mo fà á yọ. Ṣíṣàn náà tún le sí i.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. "Ẹ̀kọ yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ṣé ó ń lo oògùn?"

Wọ́n ní kí n gbé òkúta tí a fi ń ti ilẹ̀kùn rọ́pò ẹ̀kọ. Òkúta náà ní ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá wá fọwọ́ lé tábìlì, wọ́n ní kí èmi náà fọwọ́ lé e. Tábìlì ń bá jẹnẹrétọ̀ gbọ̀n jìjìjì.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àga Ìrẹsà ni mo rántí, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Mo fi ẹ̀kọ sílẹ̀ fún ọ̀gá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìrẹsà.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo wọ̀n, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù lọ́la."

Wọ́n fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. "Ẹ̀rí tí mo ti jẹ́ ńkọ́? Ṣé kí n lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fi ìka kan ẹsẹ̀ náà, ó lọ pe dókítà. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti ń dí. Dókítà ní a tètè dé, pé oògùn á ká a. Mo jókòó sí ìta, mo sunkún.

Lọ́jọ́ ìsinmi, màámi tún dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí mi ìjọ́sí kì í ṣe irọ́. Ó kàn yá jù ni."

Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Orí fóòmù ni mo ń gbé e lé. Kí n tó sọ pé mo rí nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ lé tábìlì ná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Dókítà Ẹlẹ́kọ. Ó ń dun màámi nítorí mi, títí tí àwọn fúnra wọn fi pè mí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá tún ṣe?