Imú Bàálù Tó Kọjú Sósì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé èmi náà re itẹ́ òkú. Àwọn ará ilé ọkọ mi ti sọ ọ́ títí, ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ku kí èmi tí mo jókòó nínú bàálù náà sọ tèmi.

Festac la wà nígbà náà, ó ti tó ogójì ọdún báyìí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èmi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní físíìsì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra fídíò, bàálù ni tèmi ń kàn nínú gáréèjì. Ìjókòó kan péré ló ní, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá ló sì wà nímú rẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, ikùn ọkọ mi ò gba inú ìjókòó náà mọ́.

Ó ní, "Tíṣà, ìwọ lo máa wà á. Bó bá ti lè sáré geere lórí ilẹ̀, orúkọ rẹ ni màá kọ sí i lára."

Inú mi dùn bíi tọmọdé.

Èmi ni mo ṣe ìṣirò ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ̀bẹ̀ iwájú bá ń yí, ó máa ń fa imú bàálù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń de ẹ́ńjìnnì kó kọjú díẹ̀ sí òdìkejì. Ọ̀tún ni tiwa ń fà sí. Mo wá ki wọ́ṣà, irin pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, sẹ́yìn ìdè ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì sì yíjú sósì díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú wo ohun tí aládùúgbò ń sè.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rí nìyẹn. Bọ̀dá Ẹ́ńjíníà là ń pè é. Ọ́fíìsì ló ti gba orúkọ náà, kì í ṣe nídìí ẹ́ńjìnnì. Ó wá gbàdúrà lé bàálù náà lórí láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dán an wò.

"Ta ló ṣe é tó fi wọ́ báyìí?"

"Èmi ni, Bọ̀dá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ìyàwó, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọ̀run lẹ wá fẹ́ fi í júwe?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo bá wọlé lọ múra. Ẹ gbọ́ ná, wíìgì tuntun ni mo lọ dé.

Ọ̀nà ọ̀dà kan wà ní ẹ̀sìtéètì Amúwo tí mọ́tò ò tíì máa gbà. Ibẹ̀ la ti bàálù lọ. Èrò ti dé láti Mazamaza, àwọn ọmọ kíláàsì mi náà sì pé. Bí mo ṣe jókòó sínú rẹ̀ tí mo fún ẹ́ńjìnnì níná, atẹ́gùn já wíìgì mi gbà, ó sọ ọ́ lu Bọ̀dá láyà, gbogbo ayé wá rí irun kóló tí mo fi pamọ́.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ilẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún. Mo fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà ẹsẹ̀ òsì kó lè padà sósì. Ó tún ń yà sí i, bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Mo pa iná rẹ̀, àmọ́ ó ti bọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ó gun koríko, ó já okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó fi ṣòkòtò péńpé ẹni ẹlẹ́ni bò mí lójú, ó wá ki imú bọ àbàtà.

"Màdáámù, ṣé ẹja wà níbẹ̀?" ni ẹnì kan kígbe láàárín èrò.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ má fún obìnrin ní stíà!"

Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ mù mí dé orúnkún. Mo wo ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ìdè òsì ni wọ́ṣà mi wà.

"Ta ló yí i?"

"Èmi ni mo tún un ṣe nígbà tó o lọ múra," ni Bọ̀dá wí, wíìgì mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Kó o máa dúpẹ́ pé ọ̀tún lo yà sí. Ọ̀nà ire nìyẹn."

Mo wo ọkọ mi kó gbèjà mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fa bàálù jáde ná."

Mo dá wọ́ṣà padà síbi tí mo fi sí tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, bàálù náà sáré geere bí òwú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n gbé sínú rẹ̀ o. Orúkọ Bọ̀dá ni wọ́n sì kọ sí i lára, wọ́n ní àdúrà rẹ̀ ló gbà.

Nígbà tí Bọ̀dá wá kú, wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: òun ló kan bàálù ní Festac, èyí tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ wà wọ àbàtà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá de nǹkan kó má lọ dé wíìgì, kó dúró tì í.

Nígbà tí ọkọ̀ òkú dé ẹnu ọ̀nà itẹ́, awakọ̀ yọrí. "Ẹ jọ̀ọ́, ibo la máa yà sí?" Àwọn ọmọ olóògbé ń wo ara wọn.

Èmi ni mo na ọwọ́, ọwọ́ òsì gan-an. "Òsì ni o, ọmọ mi. Ẹ máa gbé wọn lọ."

Mo fi gèlè bojú. Wọ́n rò pé ẹkún ló ń mi èjìká mi.