Pupa Ta Ni?

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí àgbà pa òwe tán kí ẹ tó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ṣé ẹ mọ ohun tó mú wọn máa sọ pé, "Ẹni tó bá ní pupa lòun ń wá, ẹ bi í pé pupa ta ni"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fìdí kalẹ̀.

Láoyè káfíńtà ní Ìkìrun ló fà á. Adùnọlá ló fẹ́ fẹ́. Bàbá Adùnọlá sì ní gìtá pupa kan tó ti ń ta láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, gìtá ọ̀hún wá ya níkùn. Bàbá gbé e fún Láoyè.

"Tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ rẹ̀ bá fi lè yí padà, o ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àna! Láoyè lẹ igi náà pọ̀, ó fi sáńpépà ha á, ibẹ̀ wá funfun báláú. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àlàó ọlọ́dà lọ, ó ní òun fẹ́ ọ̀dà pupa. Ó kùn ún, ó pupa bí ata. Ó ha á kúrò, ó padà lọ.

"Mà, pupa gidi ni mo ní."

Èyí tún pupa bí epo. Ó tún ha á. Òmíràn dà bí ẹrẹ̀ ojú títì. Igi gìtá ti ń fẹ́lẹ́ lọ, ẹ̀rù sì ń ba Láoyè.

Inú bí Ìyá Àlàó. "Láoyè, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ata pupa, epo pupa, ilẹ̀ pupa, àfẹ́sọ́nà rẹ náà pupa! Pupa ta lò ń wá gan-an?"

Láoyè ronú. Àfi lójijì tó kígbe: "Yéè! Pupa bàbá ìyàwó mi ni!"

Òótọ́ ni o. Apọ́nbéporẹ́ ni bàbá, orí rẹ̀ pá, àwọ̀ orí náà kò sì yàtọ̀ sí ti gìtá.

Ìyá Àlàó po èyí mọ́ tọ̀hún. "Ó yá, lọ fi wé e."

Bàbá ń hanrun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí itan. Láoyè fi ìka ra díẹ̀ mọ́ àárín orí. Ó wò ó, kò rí ọ̀dà náà mọ́. Kó lè dá a lójú, ó tún ra òmíràn, ó tún wá a tì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọ̀dà ra gbogbo àtàrí náà, ó wá sáré lọ kun gìtá. Bàbá jí, ó dé fìlà rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Láoyè gbé gìtá dé. Bàbá wá ojú ibi tó ya títí, kò rí i. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ránṣẹ́ pe Adùnọlá, àti àlùfáà tí yóò súre fún àwọn méjèèjì.

"Ẹ ṣí fìlà, ká gbàdúrà," ni àlùfáà wí.

Bàbá fa fìlà, fìlà ò wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, orí ló ń tẹ̀lé e.

"Bàbá, kí ló dì í mú?" Àlùfáà ló bèèrè.

Láoyè ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀dà ni, sà. Ọ̀dà pupa."

"Pupa ta ni?" ni àlùfáà bi í.

"Pupa bàbá ni, sà."

Adùnọlá bo ojú. Láoyè gbà pé ìyàwó ti lọ. Bàbá wo gìtá, ó wo àna rẹ̀ nílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Àwọ̀ gìtá ni mo ní kó má yí padà. Mi ò dárúkọ orí. Àlùfáà, ẹ máa gbàdúrà yín lọ, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ṣí i."

Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹ má sùn níwájú ẹni tó ń wá ọ̀dà. Ẹni tó bá sì ní pupa lòun ń wá, ẹ bi í pé pupa ta ni!