Lùkúmọ̀n Tọrọ Àforíjì

Nínú ọ́fíìsì lọ́yà Bímpé ní Ìbà ni Lùkúmọ̀n, tó ń tún fóònù ṣe ní Okokomáíkò, jókòó sí tó ń mi ẹsẹ̀. Ọlọ́pàá ti ránṣẹ́ pè é nítorí ohun tó ń kọ nípa Fàúsátù onídìrí sórí Fesibúùkù. Bímpé ti ka gbogbo ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà sì ń rí i lára.

"O ní Fàúsátù ní àrùn, pé ẹni tó bá dirun lọ́dọ̀ ẹ̀ á kó o. Ṣé dókítà ni ẹ́?"

"Rárá, mà. Àwàdà ni."

"Àwọn oníbàárà ti sá. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ajángbádì, kò jáde nílé mọ́. Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

"Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an, mà. Wọ́n tún tẹ láìkì."

Bímpé bọ́ awò ojú ẹ̀ sórí tábìlì.

"Kí ló ṣe fún ẹ?"

"Mo ní mo fẹ́ fẹ́ ẹ, ó kọ̀."

"Ó kọ̀ ẹ́, ìwọ náà wá kọ ọ́ sórí Fesibúùkù. Kò burú, adájọ́ á kọ́ ẹ."

"Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ èèyàn, mà?"

"Ilé àti oúnjẹ wà nínú ẹ̀. Ó lè tó ọdún mẹ́ta."

Lùkúmọ̀n rẹ́rìn-ín. "Mi ò lo orúkọ mi, mà. Ọba Ajángbádì ni mò ń jẹ́ níbẹ̀."

"Ọba tó kọ nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sábẹ́ orúkọ."

"Báwo ni kọ́sítọ́mà á ṣe rí mi, mà?"

"Bí ọlọ́pàá ṣe rí ẹ náà ni. Ta ló máa gba béèlì ẹ?"

"Bẹ́líìtì mi? Ó wà nídìí mi."

"Wọ́n á gba ìyẹn náà."

Ẹ̀rín wá gbẹ lẹ́nu Lùkúmọ̀n. "Ẹ gbà mí, mà. Kí ni kí n ṣe?"

"Kọ ọ́ sórí Fesibúùkù pé irọ́ lo pa, kí o sì bẹ Fàúsátù. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má gbé ẹ lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ adájọ́ lè tìtorí ẹ̀ dín ìyà ẹ kù."

Lùkúmọ̀n tẹ fóònù títí, ó nu òógùn, ó wá nà án sí i. Bímpé kà á sókè.

"'Ẹ̀yin ará Ajángbádì, ẹ dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Fàúsátù ò ní àrùn kankan. Ìgbéraga nìkan ló ń ṣe é.'"

Bímpé fọwọ́ di orí mú.

"Má tíì gbé e síta."

"Ó ti lọ, mà. Mo tiẹ̀ fi fọ́tò yín sí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."