Ọjọ́ Tí Mo Fa Ẹ̀gẹ́ Oníẹ̀gẹ́

Ọjọ́ tí mo fa ẹ̀gẹ́ oníẹ̀gẹ́ lójú àlejò kò tíì kúrò lọ́kàn mi, inú sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gun alùpùpù káàkiri abúlé tó yí Ifọ̀ ká, tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà ìgbàlódé, kí wọ́n tó sọ mí di ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà, bàtà mi kò kan ẹrẹ̀ mọ́. Ìròyìn ni wọ́n ń gbé wá, èmi á sì fọwọ́ sí i.

Àwọn àlejò wá láti Abẹ́òkúta láti wo oko ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣàpẹẹrẹ. Bó bá wù wọ́n, wọn á fún àwọn àgbẹ̀ abúlé náà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo wọ kóòtù. Ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ kí a tó débẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, ẹrẹ̀ sì gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi, kò dá a padà. Bàtà kan àti ìbọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀gá pátápátá fi wọ oko.

Pátákó ọ́fíìsì wa dúró gbọn-in lẹ́bàá oko, ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Orí mi wú. Mo sọ fún àwọn àlejò pé èmi gan-an ni mo kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní gbogbo ohun tí wọ́n ń wò yìí. Mo di ìdí ẹ̀gẹ́ kan mú, mo fà á, kò jáde. Mo tún un fà, ó jáde, èmi náà sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bá fa méjì sí i.

Ibẹ̀ ni Ìyá Sàkírátù bá mi, àgbà obìnrin kan tí mo ti kọ́ nígbà kan rí. Ó gbé ọkọ́ léjìká. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Tíṣà, kí ni ẹ̀gẹ́ mi ṣe fún yín?"

Mo ní oko ìjọba ni, kó wo pátákó. Ó ní àná ni pátákó dé ibẹ̀. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti bo oko kan tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti rà.

"Tiyín nìyẹn. Mo sọ fún yín pé ilẹ̀ yìí ń gba omi, ká kọ ebè. Ẹ ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Èmi kọ ebè tèmi."

Ara mi gbóná. Mo bi Káyọ̀dé, igbákejì mi, pé ta ló gbé pátákó kúrò. Ó ní òun ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun kọ ọ́ sínú ìròyìn pé omi ti ba oko wa jẹ́, tí mo dá ìròyìn náà padà, tí mo ní kó tún un kọ kó lè dùn-ún kà.

Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo bínú sí Káyọ̀dé, mo bínú sí Ìyá tí kò lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí àlejò á fi lọ, mo bínú sí àwọn àlejò tí wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ìbínú náà tó kan èmi fúnra mi.

Àwọn àlejò ní kí Ìyá ṣàlàyé bó ṣe ń kọ ebè. Abúlé náà rí ẹ̀rọ gbà, orúkọ Ìyá ni wọ́n sì kọ sínú ìwé wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ láìwọ kóòtù, kó lè kọ́ èmi náà.

Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ sí ìròyìn oko tí n kò bá tíì fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀, bí àgbẹ̀ bá sì ń sọ̀rọ̀, mo máa ń dákẹ́ gbọ́. Ìyá Sàkírátù kò jẹ́ kí n gbàgbé. Bó bá rí mi láàárín àwọn àgbẹ̀ tuntun, á ní, "Ọmọ iléèwé mi rèé, ó ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀." Inú á bí mi, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.